ẸNI TÓ RA Ẹ̀RỌ NI KÍ Ó RU EWU RẸ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa ní gáréèjì Ọ̀rẹ̀, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin akọ̀wé tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin tí ẹ ń to ẹrù sí ọkọ̀, àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ rọ́bà àti epo pupa ní Araròmí-Obu: Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo wa jọ yẹ̀ wò kí ó tó di ọ̀ràn sí wa lọ́rùn.

Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kékeré kan tí ó ń ná ọ̀nà Èkó sí Bìní, tí a kò ní dárúkọ níbí nítorí pé ọ̀rọ̀ ṣì wà lórí tábìlì, ti pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ. Ó ní òun fẹ́ kó ètò kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí wọ́n fi ń gé tíkẹ́ẹ̀tì dànù, kí òun gbé tuntun wọlé. Tuntun yìí yóò máa ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èrò yóò lè gba ìjókòó láti orí fóònù rẹ̀, ọ̀gá yóò sì lè jókòó sí Èkó kí ó máa rí gbogbo kọ́bọ̀ tí ó bá wọlé ní Ọ̀rẹ̀. Gbogbo èyí dùn létí. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí wọ́n ní kí àwọn akọ̀wé fọwọ́ sí, gbólóhùn kan wà ní ìsàlẹ̀: bí owó tí ẹ̀rọ bá kà bá ju owó tí ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé lọ, akọ̀wé ni yóò san ìyàtọ̀ náà láti inú owó oṣù rẹ̀.

Kí á là á mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹgbẹ́ wa kò bá ẹ̀rọ jà. Ẹni tí ó bá ní kí á máa fi bírò àti ìwé nìkan gé tíkẹ́ẹ̀tì títí ayé, ara rẹ̀ ni ó ń tàn. Gbólóhùn kan yẹn ni a ń bá jà, nítorí pé ó gbé gbogbo ewu ìyípadà kúrò lọ́rùn ẹni tí yóò jẹ èrè rẹ̀, ó sì dì í lé akọ̀wé lórí. Àwọn baba wa ní ẹni tí ó bí ọmọ ọ̀ràn ni í pọ̀n ọ́n. Ta ni ó bí ọmọ yìí? Ṣé akọ̀wé ni ó yan ẹ̀rọ? Ṣé òun ni ó bá ẹni tí ó tà á dúnàádúrà? Ṣé òun ni yóò gba èrè bí èrò bá pọ̀ sí i? Kí ló dé, nígbà náà, tí ẹ̀yìn akọ̀wé ni wọ́n fẹ́ gbé ọmọ ọ̀ràn pọ̀n sí?

OHUN TÍ OJÚ ÀWỌN ARÁ PÓÒSÌ RÍ NÍ ILẸ̀ GẸ̀Ẹ́SÌ

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé òjìji lásán ni a ń bẹ̀rù, kí ó gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1999, ilé-iṣẹ́ póòsì níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ètò kọ̀ǹpútà tuntun tí wọ́n ń pè ní Horizon sínú àwọn ṣọ́ọ̀bù póòsì kéékèèké káàkiri ìlú àti abúlé. Ilé-iṣẹ́ Fujitsu ni ó ń bójú tó o. Àwọn tí ó ń ṣe àkóso ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí kì í ṣe olówó ńlá. Wọ́n ń ta ọjà wẹ́wẹ́, wọ́n ń ta sítáàǹbù, wọ́n sì ń san owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn arúgbó àdúgbò wọn. Ìwé àdéhùn wọn ni ilé-iṣẹ́ náà gbé jáde tí ó fi ní bí owó bá dín, àwọn ni kí ó san án.

Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé owó dín. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Jo Hamilton, tí ó ń ṣe ṣọ́ọ̀bù abúlé, rí i pé owó dín. Ó pe àwọn tí wọ́n ní kí ó máa pè fún ìrànlọ́wọ́, ó sì ń tẹ ohun tí wọ́n ní kí ó tẹ̀. Lójú rẹ̀ báyìí ni ẹ̀rọ sọ gbèsè náà di ìlọ́po méjì. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó pè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ fún pé, “Ìwọ nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí.” Irọ́ ni. Àwọn tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí pọ̀ jántirẹrẹ, ṣùgbọ́n ẹnì kan kò mọ ẹnì kejì. Wọ́n yá owó, wọ́n fi ilé dúró, wọ́n tọrọ lọ́wọ́ ẹbí, kí wọ́n lè san owó tí ẹnikẹ́ni kò jí.

Àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi ní ilé-ẹjọ́ lé ní 900. Ní 2010 wọ́n sọ Seema Misra sẹ́wọ̀n pẹ̀lú oyún nínú. Ilé-iṣẹ́ póòsì ní kò sí ẹni tí ó lè ti ibòmíràn fọwọ́ kan ìṣirò owó inú ṣọ́ọ̀bù. Ó hàn nígbẹ̀yìn pé àwọn òṣìṣẹ́ Fujitsu lè ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Òfin ilẹ̀ náà pẹ̀lú kò ran aláìní lọ́wọ́, nítorí ó ní kí ilé-ẹjọ́ gbà pé kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ dáadáa àyàfi bí ẹnì kan bá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Báwo ni aláṣọ́ọ̀bù abúlé yóò ṣe fi hàn, nígbà tí kọ́kọ́rọ́ yàrá tí àṣírí ẹ̀rọ wà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀?

Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Alan Bates ni ó kó àwọn tí ìyà yìí jẹ jọ sí ẹgbẹ́ kan ní 2009. Àwọn 555 ni ó pe ilé-iṣẹ́ póòsì lẹ́jọ́. Ní oṣù kejìlá 2019, adájọ́ ní lóòótọ́ ni àṣìṣe wà nínú Horizon, ó sì lè mú kí owó dàbí ẹni pé ó dín. Oṣù karùn-ún 2024 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn tó ṣe òfin tí ó pa ìdálẹ́bi àwọn ènìyàn náà rẹ́. Láti 1999 títí dé 2024 jẹ́ ọdún 25. Ìgbìmọ̀ tí ó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà sọ nínú ìjábọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, ní oṣù keje 2025, pé ó kéré tán, ó ṣeé ṣe kí ènìyàn 13 ti pa ara wọn nítorí rẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí tí ó kan àwa ẹlẹ́gbẹ́ jùlọ. Àwọn ará póòsì yìí ní ẹgbẹ́ tiwọn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ póòsì ni ó ń fún ẹgbẹ́ náà lówó, adájọ́ sì wí ní 2019 pé ẹgbẹ́ náà kò dá dúró ní tirẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń ké, ẹgbẹ́ ń gbè sẹ́yìn ilé-iṣẹ́. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń jẹun lọ́wọ́ ọ̀gá kò lè bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ kí ẹnu rẹ̀ má wúwo.

Gbogbo ẹ̀rọ ni ó ń ṣe àṣìṣe. Àdéhùn tí ó ní òṣìṣẹ́ ni yóò san ohunkóhun tí ẹ̀rọ bá wí ni ó sọ àṣìṣe di gbèsè, tí ó sì sọ gbèsè di ẹ̀wọ̀n. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n tẹ́ síwájú àwọn akọ̀wé wa ní Ọ̀rẹ̀ yìí.

NÍBO NI OWÓ Ń GBÀ DÍN?

Ẹ jẹ́ kí á wo ojú fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì, kí á rí bí owó ṣe lè dín láìsí olè.

Èkíní, ìjókòó kan náà ni a tà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnì kan ti orí fóònù rẹ̀ ra ìjókòó 7, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì fà, kò tètè hàn ní Ọ̀rẹ̀. Akọ̀wé ta ìjókòó 7 fún ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀. Nígbà tí ìjà bẹ́, akọ̀wé dá owó padà fún ẹnì kan kí ọkọ̀ lè ṣí. Ẹ̀rọ ṣì ń ka owó ènìyàn méjì.

Èkejì, owó tí a fi bánkì ránṣẹ́. Bánkì ti yọ owó lọ́wọ́ èrò, ó fi hàn lórí fóònù rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́. Ọkọ̀ ń fọn fèrè. Akọ̀wé jẹ́ kí ó wọlé. Lóru, bánkì dá owó náà padà fún èrò. Èrò ti dé Èkó.

Ẹ̀kẹta, tíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́. Àwọn ènìyàn ti san owó ìjókòó ọdún Kérésìmesì tàbí Iléyá sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ àtijọ́. Nígbà tí wọ́n ń da orúkọ kọ sínú tuntun, àwọn kan bọ́ sílẹ̀, àwọn kan wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Èrò mú ìwé rẹ̀ wá, ẹ̀rọ tuntun ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Ta ni yóò dúró níwájú èrò tí ó ti sanwó? Ọ̀gá wà ní Èkó. Akọ̀wé àti awakọ̀ ni wọn yóò dì mọ́ lọ́rùn aṣọ.

Ẹ̀kẹrin, iye owó ọkọ̀. Epo gbówó lórí, wọ́n yí iye owó padà láti Èkó ní ọ̀sán, akọ̀wé sì ti gba owó ti àárọ̀ lọ́wọ́ èrò kí ó tó tẹ orúkọ wọn sínú ẹ̀rọ.

Ẹ̀karùn-ún, àwa fúnra wa ni èyí kàn. Akọ̀wé mẹ́ta ń lo orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé kan ṣoṣo nítorí pé ó yá kánkán. Lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá dé, orúkọ ẹnì kan ni ẹ̀rọ yóò dá. Ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀.

Nínú márààrún yìí, èwo ni akọ̀wé jí? Síbẹ̀, lójú gbólóhùn tí ó wà nínú ìwé yẹn, gbogbo rẹ̀ pátá ni yóò san.

ÀWỌN ŃLÁ PÀÁPÀÁ KỌSẸ̀

Wọn yóò ní ẹ̀rọ tí àwọn ń rà kì í ṣe yẹpẹrẹ. Ó dára. Bánkì TSB ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kò ra yẹpẹrẹ. Ní oṣù kẹrin 2018, ó kó àkáùntì nǹkan bí 5 mílíọ̀nù oníbàárà láti orí ètò àtijọ́ bọ́ sórí tuntun ní òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tó 1.9 mílíọ̀nù ènìyàn tí kò lè dé ibi tí owó wọn wà. Ní 2022, àwọn aláṣẹ bu owó ìtanràn tí ó lé ní 48 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lé bánkì náà.

Ní ilé wa níbí, ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá 2024, Sterling Bank, Zenith Bank àti GTBank yí ètò kọ̀ǹpútà tí ó jẹ́ ìdí iṣẹ́ wọn padà. Gbogbo wa ni a gbọ́ igbe tí ó ta. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ni kò rí owó wọn lò fún ọjọ́ mélòó kan. Bánkì tí ó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún onímọ̀ ẹ̀rọ ni a ń sọ yìí o. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tí ó ní ọmọdékùnrin kan ṣoṣo tí ó gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà wá ń sọ pé lálẹ́ ọjọ́ Àìkú ni òun yóò pa àtijọ́, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni òun yóò tan tuntun. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ilé-iṣẹ́ kékeré sì ní oore kan tí bánkì ńlá kò ní: ó lè mú ọ̀nà kan péré, bóyá Ọ̀rẹ̀ sí Èkó, kí ó fi tuntun dán an wò níbẹ̀, kí àwọn ọ̀nà yòókù wà lórí àtijọ́ títí ojú yóò fi dá.

BÍ NẸ́TÍWỌ́Ọ̀KÌ BÁ KÚ ŃKỌ́?

Ẹ̀rọ àtijọ́ wà nínú kọ̀ǹpútà tí ó wà nínú ọ́fíìsì. Bí iná bá wà, tàbí jẹnẹrétọ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Tuntun kò lè ṣe nǹkan kan láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, àwọn wáyà mẹ́rin tí ó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Bánkì àti tẹlifóònù dàrú ní Nàìjíríà àti ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ohun tí ó já ní Abidjan lè mú kí ọkọ̀ má ṣí ní Ọ̀rẹ̀ bí a kò bá ní ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Èrò tí ó ń ti inú oko bọ̀ ní ìhà Araròmí-Obu ńkọ́, tí ó jẹ́ fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni ó mú lọ́wọ́? Títí di ìsinsìnyí, ó ń pe akọ̀wé ní Ọ̀rẹ̀, akọ̀wé ń fi ìjókòó pa mọ́ fún un. Bí orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan bá di ibi tí a ti ń gba ìjókòó, ẹni tí ó ní fóònù ńlá ní Èkó ni yóò máa jókòó, òṣìṣẹ́ oko ni yóò máa dúró sí ẹ̀bá títì.

Èyí tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ìwé orúkọ èrò, mánífẹ́ẹ̀sì. Ní alẹ́ ọjọ́ 28 oṣù kẹta 2022, àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ ojú irin tí ó ń lọ láti Àbújá sí Kàdúná. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì orí kọ̀ǹpútà ni ọkọ̀ ojú irin yẹn ń lò. Àjọ ọkọ̀ ojú irin ní orúkọ 362 ni ó wà nínú ìwé òun pé wọ́n wọ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ nínú ẹ̀rọ nìkan kò tó láti dáhùn ìbéèrè ẹbí tí ó dúró ní ibùdókọ̀: ọmọ mi dà? Oṣù kẹwàá ni wọ́n tó tú àwọn ìgbèkùn tí ó kẹ́yìn sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin náà padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá 2022, àjọ náà ní ẹnikẹ́ni kò ní ra tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ láìsí nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN. Lẹ́yìn ikú ni wọ́n tó tún ìwé orúkọ ṣe.

Ọ̀nà tiwa yìí pẹ̀lú, gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀ lóru. Bí ọkọ̀ bá kó sínú ìjàǹbá tàbí sọ́wọ́ ajínigbé, ta ni ó mọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀? Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ fún ara wa. Èrò ojú ọ̀nà tí ẹ gbé láìkọ orúkọ rẹ̀, ẹ gba owó rẹ̀ sápò, ṣùgbọ́n bí ewu bá dé, òkú tí kò lórúkọ ni ẹ gbé. Ẹgbẹ́ kò ní gbè sẹ́yìn ìyẹn.

ÀTIJỌ́ NÁÀ NÍ EWU TIRẸ̀

Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ wa ṣe àwíjàre láti má ṣe nǹkan kan. Ètò àtijọ́ tí ilé-iṣẹ́ yìí ń lò wà lórí Windows 7. Ọjọ́ 14 oṣù kìíní 2020 ni Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe rẹ̀ dúró. Bí kòkòrò kọ̀ǹpútà bá wọ inú rẹ̀ lónìí, orúkọ ló máa lọ, owó ló máa lọ, kò sì sí ẹni tí a ó ké pè.

Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Southwest jókòó ti ètò àtijọ́ tí ó fi ń pín òṣìṣẹ́ sí ọkọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ òfuurufú rẹ̀ ti ń kìlọ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀gá kò gbọ́. Nígbà tí ìjì yìnyín dé ní Kérésìmesì 2022, àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù gbéra láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ti Southwest dojú dé, kò mọ ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà mọ́. Ọkọ̀ òfuurufú 16,900 ni wọn kò jẹ́ kí ó gbéra, èrò tí ó lé ní 2 mílíọ̀nù ni ó há. Ní 2023, ìjọba bu ìtanràn 140 mílíọ̀nù dọ́là lé e. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn òṣìṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ rí ewu náà. Ẹni tí ó bá ń tẹ ẹ̀rọ lójoojúmọ́ mọ ibi tí ó ti ń dùn ún.

ÒFIN ILẸ̀ WA KÒ GBÀ Á

Abala karùn-ún Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, tí wọ́n ṣe ní 1974, sọ pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ gé owó òṣìṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìtanràn. Bí ó bá fẹ́ gé e nítorí òfò, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda ní kíkọ sílẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, òfò náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ fà tàbí tí ó fà nípa àìbìkítà. Gbogbo ohun tí a bá sì gé nínú oṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ó fà kì í ṣe àìbìkítà akọ̀wé.

Abala ogún òfin yìí kan náà sọ pé bí iṣẹ́ bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn nítorí pé òṣìṣẹ́ pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún ẹgbẹ́ tàbí aṣojú òṣìṣẹ́, kí ó sọ ìdí rẹ̀ àti iye tí yóò kàn. Wọn kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ bojú kí wọ́n máa yọ ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Orúkọ èrò náà ní òfin. Láti ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2023 tí ààrẹ ti fọwọ́ sí òfin ààbò ìsọfúnni, ẹni tí ó bá kó orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti NIN ènìyàn jọ ni ó gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ. Bí wọ́n bá jí i lọ ní ọ̀nà tí ó lè pa àwọn ènìyàn náà lára, wákàtí 72 ni ó ní láti fi tó àjọ tí ó ń mójú tó o létí. Ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ má ṣe máa ya fọ́tò mánífẹ́ẹ̀sì sí WhatsApp.

ÀWÍJÀRE WỌN

Wọ́n ní: “Owó mi ni, ẹ̀rọ mi ni, bí mo bá fẹ́ ni n ó ṣe é.” A gbà. Tìrẹ ni ẹ̀rọ, tìrẹ ni èrè, tìrẹ náà sì ni ewu. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Wọ́n ní: “Bí a bá yọ gbólóhùn yìí, àwọn akọ̀wé yóò jalè.” Ẹgbẹ́ wa kì í gbe olè lẹ́yìn. Bí ẹnì kan bá jalè, ẹ mú ẹ̀rí wá: owó tí a jọ kà, ìwé tí a jọ fọwọ́ sí, ẹlẹ́rìí tí ojú rẹ̀ tó o. Ẹ̀rọ kò lè jẹ́ olùfisùn, kí ó jẹ́ ẹlẹ́rìí, kí ó tún jẹ́ adájọ́.

Wọ́n ní: “Ilé-iṣẹ́ kékeré ni wá, a kò lówó tí a ó fi máa lo àtijọ́ àti tuntun pọ̀.” Ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa. Ìwé, káábọ̀n àti owó àfikún iṣẹ́ fún oṣù méjì, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì kan tí ìjókòó kan náà bọ́ sọ́wọ́ ènìyàn méjì, tí èrò fọ́ gíláàsì ọ́fíìsì, tí orúkọ ilé-iṣẹ́ sì bàjẹ́ láti Èkó dé Bìní.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ

1. Kí ilé-iṣẹ́ àti aṣojú òṣìṣẹ́ jókòó, kí wọ́n mú ìwé fúlúskáàpù, kí wọ́n fa òpó mẹ́rin sí i. Èkíní: kí ni ó lè bàjẹ́? Èkejì: báwo ni ó ṣe lè ṣẹlẹ̀ léraléra tó? Ẹ̀kẹta: ta ni yóò kọ́kọ́ dùn, kí ni a ó sì ṣe sí i lọ́jọ́ náà? Ẹ̀kẹrin: ta ni yóò san án? Òpó kẹrin yìí ni àwọn ọ̀gá kì í fẹ́ kọ nǹkan sí. Bí ó bá ṣófo, a kò ní fọwọ́ sí i.

2. Kí wọ́n yọ gbólóhùn tí ó ní akọ̀wé ni yóò san ohun tí ẹ̀rọ bá kà. Bí owó bá dín, kí ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ jọ wádìí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gé kọ́bọ̀.

3. Kí àtijọ́ àti tuntun jọ ṣiṣẹ́ fún oṣù méjì ó kéré tán, lórí ọ̀nà kan ná. Kí wọ́n má ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí Kérésìmesì tàbí Iléyá bá kù fẹ́ẹ́rẹ́.

4. Kí a da gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tí a ti san owó rẹ̀ kọ sínú tuntun, kí akọ̀wé méjì kà á lójú ara wọn, kí a sì tẹ ti àtijọ́ sórí ìwé kí a tó pa á.

5. Kí mánífẹ́ẹ̀sì orí ìwé máa wà nígbà gbogbo, ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan lọ́wọ́ awakọ̀, ọ̀kan ní ibi tí ọkọ̀ ti gbéra, ọ̀kan ní ibi tí ó ń lọ. Kí orúkọ èrò ojú ọ̀nà pẹ̀lú wà nínú rẹ̀.

6. Kí wọ́n máa fi ìjókòó díẹ̀ pa mọ́ lójoojúmọ́ fún àwọn tí ó ń pe fóònù tàbí tí ó ń fi ẹsẹ̀ ara wọn wá.

7. Kí akọ̀wé kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ìwọlé tirẹ̀, kí wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà ní àkókò iṣẹ́, pẹ̀lú owó.

8. Kí àdéhùn pẹ̀lú ẹni tí ó ta ẹ̀rọ sọ bí ilé-iṣẹ́ yóò ṣe gba àkọsílẹ̀ rẹ̀ padà bí ẹni náà bá fi owó kún un tàbí tí ó bá kógbá sílé. Ilé-iṣẹ́ tí kò lè rí ìwé ara rẹ̀ gbà padà kò ní lè san owó oṣù wa.

Ẹ̀YIN ARÁ ARARÒMÍ-OBU

Ẹ má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ awakọ̀ àti akọ̀wé ni èyí. Bí a bá gba gbólóhùn yìí ní gáréèjì lónìí, ọ̀la ni yóò dé ibi tí wọ́n ti ń wọn omi rọ́bà àti ìdì ẹyìn yín. Wọn yóò gbé òṣùwọ̀n oníkọ̀ǹpútà wá, yóò ní ìwọ̀n yín kò pé, wọn yóò sì ní kí ẹ san án. Ibi tí a bá ti dá ìlànà sílẹ̀ ni yóò ti máa tàn kálẹ̀.

Ìlú Ọ̀rẹ̀ yìí, gbogbo Nàìjíríà mọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ìjà 1967. Ìjà tiwa yìí kò bá ti ìbọn lọ, bírò ni ohun ìjà rẹ̀. Ohun tí ó pa àwọn ará póòsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lára fún ìgbà pípẹ́ ni pé wọ́n fọwọ́ sí ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n jìyà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan pé òun nìkan ni. Ọjọ́ tí wọ́n kó ara wọn jọ ni ojú ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í là. Àìrìnpọ̀ ejò ni í jẹ ejò níyà.

Nítorí náà, ẹ̀yin akọ̀wé, bí wọ́n bá gbé ìwé náà fún yín, ẹ gbà á, ẹ kà á, ẹ má ṣe fọwọ́ sí i. Ẹ mú un wá sí ìpàdé ẹ̀ka. Kí awakọ̀ wá, kí ẹni tí ń to ẹrù wá, kí òṣìṣẹ́ rọ́bà wá. A ó jọ kọ ọ̀rọ̀ sí òpó kẹrin yẹn, a ó sì jọ gbé e lọ bá ọ̀gá.